Èdè Àtijọ́ Tí A Yọ Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Òjò

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìfọ́n-Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Ọládiípọ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyá àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo agboolé yín ní Ìlọ́bù. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbà ọ́ láyè láti kúnlẹ̀ gbàdúrà? Ní tiwa níhìn-ín, Olúwa ló ń dá wa sí, ọpẹ́ ni fún un.

O mọ ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ ní ibùdó ìwádìí kí n tó fẹ̀yìn tì, èyí tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ìlú wa méjèèjì ṣírò ìgbà tí òjò yóò tó gbin àgbàdo. Páítọ̀n kejì, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, ni mo fi pàṣẹ fún un. Àwọn tó ṣe èdè náà ti pa á tì tipẹ́. Páítọ̀n kẹta ni ayé ń lò. Olúbùnmi tó gba ipò mi, àti Jàlálù, ọmọ Ìlọ́bù tó ń bá a ṣiṣẹ́, ti fi èdè tuntun tún gbogbo ètò yòókù kọ. Tèmi nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn, nítorí rẹ̀ sì ni èdè àtijọ́ náà fi ṣì wà níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tuntun wá dé, ó kọ èdè náà jálẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ń béèrè, ìṣirò kò jáde. Síbẹ̀, wọn kò sọ fún mi. Nígbà tí mo yà kí wọn ni mo gbọ́ tí Olúbùnmi ń wí pé, "Ìwọ lọ bá Bàbá sọ ọ́."

Jàlálù, tí kò gbàgbé ìjà ilẹ̀ ìlú wa méjèèjì, ní, "Èmi kẹ̀, ọ̀gá? Kí wọ́n lè ní ọmọ Ìlọ́bù ló wó ilé bàbá Ìfọ́n? Ẹ̀yin àti Bàbá lẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà!"

Bí wọ́n ti rí mi, Jàlálù dọ̀bálẹ̀, Olúbùnmi kúnlẹ̀. Olúbùnmi ní àwọn kò lè yọ ọwọ́ àgbà kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ lójú ayé rẹ̀.

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Ọlọ́run nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gbó. Tèmi ti gbó. Ṣé ọ̀wọ̀ yín ni àwọn àgbẹ̀ yóò jẹ?"

A jókòó tì í. Mo ń ṣàlàyé, wọ́n ń tún un kọ. Lákọ̀ọ́kọ́, iye òjò kò bára mu, nítorí bí èdè àtijọ́ bá pín iye, ó máa ń sọ èyí tó ṣẹ́kù nù. Tuntun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A fi méjèèjì wé omi òjò tí a wọ̀n lọ́dún tó kọjá, ti tuntun ló sún mọ́ ọn jù. Mo gbàdúrà, Jàlálù ṣe àmín, mo sì fi ọwọ́ ara mi yọ èdè àtijọ́ náà kúrò. Mo rò pé yóò dùn mí. Kò dùn mí rárá.

Bá mi kí Mọ́ríátù, aládùúgbò rẹ, kí o sì sọ fún un pẹ̀lú: ẹ má tíì gbin àgbàdo. Ìṣirò tuntun ní òjò tí ẹ óò kọ́kọ́ rí yóò tan yín jẹ. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù tó ń bọ̀ ni kí ẹ kó irúgbìn jáde.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Josáyà Olóyèdé.