Ọmọ Mi Ń Fi Ìrora Pamọ́ Fún Mi

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti Jikwoyi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, fínra. Tẹ́lẹ̀, bí eegun bá ń ro ó, a jọ máa ń sunkún ni. Nísinsìnyí, omijé mi ti gbẹ, màá kàn fún un lóògùn.

Ní Sátidé, mo bá a tó ń fi eyín di ìrọ̀rí mú kí n má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò pè mí.

“Mọ́mì, mo rò pé mo ti sú yín ni.”

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, kí ni kí n sọ fún un tí yóò fi gbà pé kò sú mi?