Àtẹ́lẹwọ́ Ara Ilé Òmìnira

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìkókó tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ara tèmi le. Orúnkún nìkan ló ń ṣàròyé, ó sì ti pẹ́ tí mi ò ti dá a lóhùn mọ́.

Ìwé tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n ka ìtàn Ilé Òmìnira kí èmi àti bàbá ọkọ rẹ tó lọ wò ó, kí ojú má baà tì mí. O ṣeun. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín ni tíṣà àgbà yẹn ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀, torí pé bíríkìlà ni mí. Mo fẹ́ kó bọ̀wọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kà á, títí ìyá rẹ fi ní, "Ẹ bi ìwé yẹn bóyá á bá yín pọn omi." Ojú ìwé kẹrìnlá ló dùn mọ́ mi jù, níbi tí Akọni tó jà fún òmìnira wa ti tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ṣì tútù lọ́jọ́ òmìnira, tòun ti ìka kékeré rẹ̀ tí ọta ìbọn gé. Inú mi dùn pé èmi àti Akọni jọ ní ìka kúkúrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù ló gé tèmi lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí a débẹ̀, mi ò jẹ́ kí ọmọbìnrin tó ń mú àlejò káàkiri rí ọ̀rọ̀ sọ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, màá ti bá a parí ẹ̀. Ẹnu ya àna mi, èmi náà sì ń wú bíi búrẹ́dì, títí a fi dé ìdí ògiri náà.

Ọmọ mi, ara mi bù máṣọ! Ìlà mẹ́ta wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Ọmọbìnrin náà ní àmì àwọn mẹ́ta tó kú fún òmìnira ni. Àmì ọ̀gá mi ni! Ògiri tí a bá ti rẹ́ tán, ṣóńṣó ṣíbí bíríkìlà ni ọ̀gá fi ń fa ìlà mẹ́ta sí i. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ kó wa gba ẹ̀yìn wọ ọgbà kan tí wọ́n fi páànù yí ká, ká wá tún ògiri tó wó mọ. Kò sẹ́ni tó sọ ilé tó jẹ́ fún wa. Èmi ni mo fi eré tẹ ọwọ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù, tí ọ̀gá sì gbá mi létí tí mo rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án.

Nígbà tó kàn mí láti fọwọ́ kàn án bí àwọn àlejò yòókù ṣe ń ṣe, ọwọ́ mi wọ ibẹ̀ wẹ́kú, tòun ti ìka kúkúrú. Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Àfi bí àna mi ṣe ṣí fìlà, tó tẹrí ba fún ògiri, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ ọmọlúàbí! Irú ẹ̀ ò sí mọ́ láyé." Mo pa ẹnu dé, mo sì rọra ki ọwọ́ bọ àpò.

Bá a ṣe ń bọ̀ nílé, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo mọ̀tàn tó báyìí. Mo ní mo kàn mọ ibẹ̀ dáadáa ni.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, iṣẹ́ ọwọ́ yín á sì pẹ́ láyé jù yín lọ. Bó o bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọkọ rẹ, èmi àti ìwọ ni.

Èmi ni
Bàbá rẹ, bíríkìlà.

Àfikún: Mo dá ìwé rẹ padà. Mo ti fi bírò tún ojú ìwé kẹrìnlá ṣe. Má ṣe jẹ́ kí bàbá ọkọ rẹ yá a kà.