Okùn tí Ọ̀gá Wa Gbá Dànù

                                        Yàrá Ẹ̀yìn, Àjà Kejì,
                                        Ilé Iṣẹ́ Ìkànnì Ayélujára.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ti ń gbọ́ oògùn? Ara tèmi le, ọkàn ni kò fara rọ.

O rántí ipò kan ṣoṣo tí èmi àti àbúrò ìyàwó ọ̀gá jọ ń dúró dè. Àbúrò yìí máa ń wá síbi iṣẹ́ bí òṣùmàrè ṣe ń yọ.

Ìkànnì kan la ṣe fún ìyá onídìrí kan. Bí ó bá kan oníbàárà, ojú kọ̀ǹpútà á kọ orúkọ rẹ̀ pé kó wọlé. Aago inú ìkànnì la ń rán níṣẹ́ yẹn, kó dúró díẹ̀ kó tó jẹ́ ẹ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí o bá rán ẹnì kan sí màmá pé, "Ẹ gbé oúnjẹ sí yàrá mi," tó sì jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, yàrá ẹni tí o rán ni oúnjẹ ń gbà lọ. Bí aago ṣe ń ṣe nìyẹn: orúkọ ara rẹ̀ ló máa ń wá, kò sì ní orúkọ kankan. Mo wá kọ ìlà kan sínú kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà, tó so iṣẹ́ náà mọ́ oníbàárà tó ni ín. Okùn ni mo ń pè é.

Ọ̀gá wa kórìíra ìlà tó bá dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ní bí a ṣe ń gbá ilé ló yẹ ká máa gbá kóòdù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá onídìrí ń bọ̀ wá wò ó, ọ̀gá gbá okùn mi dànù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá tẹ bọ́tìnnì, a dúró. "Ẹ káàbọ̀," ni ojú kọ̀ǹpútà kọ, ó fi àyè lásán sílẹ̀, ó wá ní, "ó kàn yín."

"Ta ló kàn?" ni ìyá bi ọ̀gá.

"Ẹ má bínú, Mà. Ọmọ yìí ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni."

Inú bí mi. Mo so okùn padà, orúkọ jáde, ọ̀gá gba ọpẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n kó wa jọ kí ojú kọ̀ǹpútà ńlá lè kí ẹni tó gba ipò náà. Aago la tún rán. Ó kọ "A kí," ó fi àyè lásán sílẹ̀, ó ní "kú oríire." Ọ̀gá ti gbá ibẹ̀ náà. Ó yíjú sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Dákun, bá wa so okùn ẹ yẹn."

Mo jókòó, mo so ó. Mo ti ń ro aṣọ tí màá wọ̀ wá lọ́jọ́ Ajé. Mo tẹ bọ́tìnnì, a dúró, orúkọ àbúrò ìyàwó ọ̀gá jáde. Kò tiẹ̀ sí níbẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n pè é lórí fóònù kí n kí i. Mo kí i. Ó dúpẹ́, ó wá bi mí pé irú iṣẹ́ wo la ń ṣe níbẹ̀ gan-an.

Ilẹ̀ náà tutù lóòótọ́, ẹsẹ̀ mi ló yọ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Bá mi kí màmá, kí wọ́n rọra máa tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí àyè bá sì ṣí sílẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, bá mi sọ fún wọn pé, "Ẹ gbà mí síṣẹ́." Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí o, kí wọ́n má lọ gba ìwọ lẹ́ẹ̀kejì. Orúkọ mi ni kó o dá.

Èmi ni tìrẹ,
Aláwò.