Ẹranko Òkun Tó Ń Fi Ohùn Mi Bú Ramúramù

Abúlé Ọdúntán,
lẹ́bàá Ìmẹ̀sí-Ilé.

Dárasími ọmọ mi,

Èmi baba rẹ, Barnabas Ọmọ́tọ́ṣọ́, tó fi ọwọ́ lásán wọ́ ọ̀nì mẹ́ta jáde nínú odò ẹ̀yìn oko wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí mo so ìrù wọn pọ̀ bí ẹni di igi ìdáná, èmi náà ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí kọ lẹ́tà yìí. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Dàda Estate? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà lára rẹ? Ẹsẹ̀ ni mo ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Olúwa tó pa Jónà mọ́ nínú ikùn ẹja yóò pa ìwọ náà mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ikùn ẹja ni mo fẹ́ kó ti pa ọ́ mọ́ o, ìta ni.

Ara wa le nílé, a dúpẹ́. Kòkó ti wà lórí ẹní, oòrùn ń ràn dáadáa. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn jọ olórí akọrin wa, ṣùgbọ́n a ò tíì sọ fún un.

Ohun tó mú mi mú bírò ni fídíò tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Elisha, tó ń bá gbogbo abúlé ṣáàjì fóònù. Ó pe èmi àti ìyá rẹ pé ká wá wo iṣẹ́ tí Dára ń ṣe l'Óṣogbo. O ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé kọ̀ǹpútà lo fi ń ṣiṣẹ́, àwa sì rò pé lẹ́tà lò ń tẹ̀ fún ìjọba. Àfi bí a ṣe gbọ́ ohùn rẹ tó ní ẹranko inú òkun kan wà, tó gùn ju ọkọ̀ akẹ́rù méjì lọ, tó ti kú tán láyé kí èèyàn tó dé ayé, pé eegun rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá nínú àpáta, pé ìwọ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lẹ fi ẹran bo eegun náà, ẹ fi awọ bo ẹran, ẹ sì jí i dìde kí aráyé lè rí i nínú fíìmù. Dárasími! Ta ló rán yín? Esekíẹ́lì tó sọ̀rọ̀ sí egungun gbígbẹ, Ọlọ́run ló rán an, kò sì gbowó oṣù nídìí ẹ̀. Tún rò ó wò: ìkún omi ìgbà Nóà kò lè pa ohun tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Nǹkan tó pa ẹranko yẹn le ju ìkún omi lọ. Ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ parí, ó lọ jókòó, ẹ̀yin wá lọ ń tú iṣẹ́ náà ká.

Ẹranko náà yọ láti inú omi dúdú, ojú rẹ̀ tó abọ́ ìfọṣọ, eyín rẹ̀ bí àdá tí wọ́n tò sórí àtẹ lọ́jà Òṣú. Ó la ẹnu, ó bú, ohùn tó jáde, ohùn mi ni! Ìyá rẹ figbe ta, ó ní Baba Dára rèé, ó ní kí n fọwọ́ kan òun kí òun mọ̀ bóyá mo ṣì wà níta. Ohùn mi gan-an ni, ti ọdún Àjíǹde tó o wálé, tó o gbé fóònù rẹ sí mi lẹ́nu láti gba ohùn mi sílẹ̀, tó o ní kí n bu omi sẹ́nu, kí n gbójú sókè, kí n jẹ́ kó máa hó lọ́nà ọ̀fun, kí n sì máa kérora. Mo ṣe é tán, mo fi ikọ́ kún un lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí mo rò pé dókítà lo fẹ́ gbé e lọ bá nítorí ọ̀fun tó ń dùn mí. Fọ́ọ̀mù tó o ní kí n fọwọ́ sí pé mo yọ̀ǹda ohùn mi, mo rò pé káàdì ilé ìwòsàn ni. Láti ọjọ́ náà, mi ò sọ̀rọ̀ sókè mọ́, kí ẹranko yẹn má baà rò pé mò ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ètè lásán ni mò ń jù. Gbogbo ìjọ ní orin wa ti dùn sí i.

Nínú fídíò náà, ìwọ wá dúró níwájú rẹ̀, ò ń rẹ́rìn-ín, ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, ó la ẹnu bí ilẹ̀kùn ńlá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, fídíò dúró. Ibẹ̀ ló dúró sí o! Elisha ní dátà ló tán. Ìyá rẹ ní ṣé dátà ni àbí ọmọ òun?

Mo ronú bí àgbà. Ẹranko omi, bó bá ti gbẹ, ó parí. Bí Elisha ṣe yà sẹ́yìn ilé báyìí, mo gbé fóònù rẹ̀ sáàárín kòkó lórí ẹní, mo ń fi ẹsẹ̀ yí i pọ̀ mọ́ kòkó bí a ti ń ṣe, láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Elisha ń wá a kiri, mo ní kó lọ wo ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó wú lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, kò mí mọ́. Mo ní ọpẹ́ ni f'Ólúwa, ẹranko ti kú. Elisha ní fóònù òun ló kú. Ó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wa láti ìjẹta bí òṣómàáló tó wá gbowó aṣọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí fóònù mìíràn tó ní nọ́ńbà rẹ, ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń ná Òṣogbo.

Nítorí náà, bí ẹranko náà bá ti gbé ọ mì, jọ̀ọ́ má fi pamọ́ fún wa, kọ ọ́ wá tààrà. Bí kò bá tíì gbé ọ mì, gba fọ́ọ̀mù ohùn mi lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kó o sì wọkọ̀ wálé. Fi owó fóònù Elisha ránṣẹ́ kó lè dìde, àti owó irin tí a ó fi bo kànga, nítorí omi Òṣogbo àti omi tiwa, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń pàdé nísàlẹ̀ ilẹ̀? Ẹnu tó là lẹ́yìn rẹ yóò pa dé lófìfo. Odindi lo lọ, odindi lo ó bọ̀. Àmín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, kó o má baà gbójú lé mi. Àwọn ọ̀nì yẹn, mo fi kún un díẹ̀. Wọn kì í ṣe mẹ́ta, wọn kì í sì í ṣe ọ̀nì. Awọ́nríwọ́n kan ni, ìyá rẹ ló fi ọmọ odó lù ú pa, orí igi obì ni mo wà tí mo ti ń ké. Odò yẹn nìkan ló jẹ́ òótọ́. Bí ẹranko òkun yẹn bá wá ń lé ọ bọ̀ nílé, má pariwo Baba o. Ìyá rẹ ni kó o pè.

Èmi ni baba rẹ,
B. Ọmọ́tọ́ṣọ́