Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Lórí Kámẹ́rà

                                        Yàrá Òkè,
                                        Lórí Ṣọ́ọ̀bù Téélọ̀,
                                        Òpópónà Ilé-Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ yẹn kò tíì dá ẹ̀yìn wọn lóró jù? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Bá mi kí wọn gan-an. Sọ fún wọn pé mo ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe máa ń pè wá ní àwọn ọmọ olójú kan, nígbà tí a wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ wa ní fọ́tò, tí a ń di ojú kan kiri ojúlé. Mo gbọ́ pé àgbà ọmọ rẹ ti wọ iléèwé gíga. Inú mi dùn sí i. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn ná, nítorí ọ̀rọ̀ tèmi tó ń bọ̀ yìí kò ní ìdùnnú kankan nínú.

Má bínú sí ìkọ̀wé mi. O lè rò pé inú ọkọ̀ tó ń já sí kòtò ni mo ti kọ ọ́. Ìdí tábìlì ni mo jókòó sí, ọ̀rẹ́ mi. Ọwọ́ mi ni kò dúró.

Àtàǹpàkò ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé àárẹ̀ ni, mo tún rò pé òtútù ni. Bí àlejò bá wà nílé, mo máa ń jókòó lé ọwọ́ náà lórí, bí ẹni tó ń pa ọmọ tó ń ké lẹ́nu mọ́. Nígbà tó yá, ó gun ọrùn ọwọ́. Ìgbà tí mo wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ni ọjọ́ tí mo ya fọ́tò ìwé ìrìnnà fún olùkọ́ tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo rí ojú méjì lórí ojú kan. Mo ní kí ó padà wá jókòó, pé ó ṣẹ́jú. Kò ṣẹ́jú. Èmi ni mo mì.

Ìgbà yẹn ni mo jókòó ti kámẹ́rà yìí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. O rántí pé ìwọ lo ní kí n ta ògbólógbòó tí mò ń gbé kọ́rùn, kí n ra èyí tí kò ní dígí nínú, tó fúyẹ́. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé bọ́tìnnì ara rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀wù ṣọ́jà lọ, pé ta ló máa lò wọ́n tán. Èmi náà ni mo lò wọ́n tán. Ìbẹ̀rù ló kọ́ mi.

Mo tan èyí tó máa ń ti àwòrán dúró bí ọwọ́ bá mì. Kò tó. Mo gbé ìyára ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà, sókè, kó lè ṣí kó sì padé kí ọwọ́ mi tó ráyè gbọ̀n. Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, mo bá gbé ISO sókè, ìyẹn tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà ríran nínú òkùnkùn, àwọ̀ ojú àwọn èèyàn wá dà bí ìgbà tí wọ́n bu iyanrìn sí wọn lára. Mo pa lẹ́ńsì gígùn tì, èyí tó ń fa nǹkan ọ̀nà jíjìn mọ́ra, nítorí pé gbogbo gbígbọ̀n kékeré ló ń sọ di ńlá. Bọ́tìnnì tó ń wá ojú èèyàn rí, tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò, mo wọ inú mẹ́nù lọ gbé e síwájú, níbi tí ìka àárín ti lè tẹ̀ ẹ́. Mo ra rìmóòtù kí n má baà fọwọ́ kan kámẹ́rà rárá bó bá ti wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí kò bá sì sí àyè fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo máa ń jẹ́ kó yà léraléra bí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí n lè ṣa ẹyọ kan tó dára láàárín gbogbo rẹ̀.

Ọkọ mi, téélọ̀ mi, tún rán awọ kan fún mi, tó so kámẹ́rà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi pinpin. Mo purọ́ fún un pé kámẹ́rà ń wúwo. Nígbà tó ń fi tépù wọn ọwọ́ mi, mo tẹ ìgúnpá mọ́ tábìlì kó má baà mọ̀.

Ó ní, “Òtútù ń mú ọ ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ mú súwẹ́tà wá.

Àwọn oníbàárà ń dín kù, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì kò fi mí sílẹ̀. Òrùka àti yẹtí rẹ̀ ni mò ń yà lórí aṣọ dúdú, kámẹ́rà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, rìmóòtù lọ́wọ́ òsì. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí. Àfi ìgbà tó wá bá mi lọ́jọ́ kan, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní ọmọ òun obìnrin máa dá kọrin pẹ̀lú àwọn akọrin, pé èmi ni òun fẹ́ kó yà á.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ orí tábìlì nìkan ni mò ń ṣe báyìí o.”

Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ya òkúta inú òrùka débi pé mo rí ìdọ̀tí tí èmi tí mo ṣe é kò rí? Ṣé orin ló máa wá ṣòro fún yín?”

Mo gbà, mo sì lọ.

Gbọ̀ngàn náà ṣókùnkùn, orí ìtàgé nìkan ni wọ́n tan iná sí. Wọ́n ti kìlọ̀ pé àwọn kò fẹ́ fíláàṣì, àwọn kò sì fẹ́ ariwo. Mo pa ohùn ṣọ́tà, ìyẹn tó jẹ́ pé kámẹ́rà á yà ọ́ tán, o ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé e sórí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan, mo fi ikùn tì í. Lẹ́ńsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ jù lọ ni mo fi sí i. Àpótí kékeré aláwọ̀ ewé tó máa ń wá ojú èèyàn rí nínú kámẹ́rà lọ tààrà sójú ọmọ náà, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi, ojú ọmọ yẹn mọ́ kedere, tó fi jẹ́ pé mo rí iná orí ìtàgé nínú ẹyinjú rẹ̀. Mo gbàgbé pé mò ń ṣàìsàn. Mo tún di èmi.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo ti sọ fún ara mi nílé pé mi ò ní pààrọ̀ lẹ́ńsì. Ṣùgbọ́n bí fọ́tò ṣe ń dùn mọ́ mi, mo fẹ́ kí gbogbo akọrin wọlé tán, pẹ̀lú ọmọ náà níwájú wọn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo yọ lẹ́ńsì náà, ọwọ́ mi sì jù ú nù. Ó balẹ̀ lórí pákó, gbàà! Ó tún wá ń yí lọ láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì títí tó fi dé ẹsẹ̀ ìtàgé. Ọmọ náà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń tẹ dùùrù náà dákẹ́. Gbogbo orí yí sẹ́yìn wá wò mí. Wọ́n ní kí ó tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún un mú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ya, ó sì ń kọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kó tètè parí.

Bàbá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ he lẹ́ńsì náà. Ojú rẹ̀ ti le. Ó gbé e fún mi, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n níwájú rẹ̀, kò síbi tí mo lè fi pamọ́ sí.

Ó ní, “Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe yín?”

Mo ní, “Ó ti pẹ́.”

Ó ní, “Ẹ ò bá ti sọ fún mi.” Lẹ́yìn náà, ó ní, “Ẹ jẹ́ n bá yín gbé báàgì.”

Ì bá sàn kó bú mi. Ó gbé báàgì náà dé ẹnu ọ̀nà, ó bá mi pe ọkọ̀, kò sì tún pè mí fún iṣẹ́ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá kó àwọn òrùka tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó, ó ní kí n máa sinmi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ orin yẹn ni mo sọ fún téélọ̀. Kò bínú. Ó kàn di ọwọ́ náà mú bí ẹni pé ó fẹ́ kó sùn. Ó tẹ̀ lé mi lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà ní kí n fi ìka kan imú mi, kí n fi kan ìka òun, ó ní kí n kọ orúkọ mi. Ó wo ohun tí mo kọ. Ó ní oògùn á dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lọ, pé ó máa pọ̀ sí i bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ ni.

Mo ní, “Dókítà, ayàwòrán ni mí.”

Ó ní, “Mo gbọ́ yín, màdámú.” Ó sì kọ oògùn náà fún mi.

Láràárọ̀ tí mo bá lo oògùn tán, téélọ̀ á jókòó sí iwájú mi, á máa wo ọwọ́ mi bí ẹni tó ń dúró kí omi hó. Ọwọ́ á máa gbọ̀n. Á ní kò burú, pé bóyá ọ̀la.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò ní iṣẹ́ kankan, mo tẹ́ aṣọ dúdú yẹn, mo gbé ọwọ́ mi lé e lórí níbi tí òrùka máa ń wà. Mi ò mọ ohun tó sún mi ṣe é. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí ṣọ́tà falẹ̀, ọwọ́ mi di èéfín, o ò lè ka iye ìka tó wà níbẹ̀. Mo wá gbé ìyára sókè tán pátápátá, mo sún àtùpà mọ́ ọn, mo tún yà á. Ọwọ́ obìnrin tí ara rẹ̀ le ló jáde. Ó dúró jẹ́ẹ́. Àwọn ilà àtẹ́lẹwọ́ hàn, ìka nà tààrà, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Mo wò ó, mi ò lè sunkún. Mo fi í sílẹ̀ lójú kámẹ́rà, mo lọ sá aṣọ sẹ́yìnkùlé.

Téélọ̀ gòkè wá mú sísọ́ọ̀sì. Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́, mo sáré wọlé. Ó gbé kámẹ́rà dání pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, “Ìgbà wo ló dúró báyìí? Kí ló dé tí o ò pè mí?”

Mo la ẹnu pé kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ṣọ́tà fún un. Mo wá wo ojú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn.

Mo ní, “Kò pẹ́ púpọ̀. Ó kàn dúró díẹ̀ ni.”

Ó ní, “Tó bá tún dúró, bí mo bá tiẹ̀ wà nídìí iṣẹ́, ṣáà pè mí. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.”

Ọ̀rẹ́ mi, má wá oògùn kankan ránṣẹ́ sí mi, má sì sọ fún ìyá. Bá mi kí àwọn ọmọ, bá mi kí bàbá wọn. Bí àyè bá yọ, wá jókòó tì mí, ìyẹn nìkan ni mo fẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni téélọ̀ ti ń dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀. Kì í ṣe pé òwú já. Ó ń tẹ́tí bóyá mò ń pè é ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún dá a dúró báyìí tí mò ń kọ̀wé sí ọ. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo dákẹ́ náà, títí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ padà.

                                        Tìrẹ ni mí, bó ti wù kó rí,
                                        Ìyàwó Téélọ̀.