Ta Ló Jàre Lórí Ilẹ̀kùn Tí Mo Kàn Pa?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ará ilé ńkọ́? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ dé ibi tí orí rẹ kò sí. Ara tèmi náà le. Bí o bá rí i pé ìlà lẹ́tà yìí ń gun òkè, bírò ni, kì í ṣe ojú mi.

Ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá rẹ kékeré ni mo fẹ́ bi ọ́, torí ìwọ lo kàwé, ó ti rú mi lójú pátápátá. O mọ ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá tí mo ti ń ránṣọ àti ibi tí àbúrò mi ti ń yan búrẹ́dì, nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa. Mo fi pákó kàn án pa nítorí èéfín ààrò rẹ̀, mo sì fi àkísà di gbogbo ihò rẹ̀. Ló bá pè mí lẹ́jọ́, àbúrò tí mo pọ̀n dàgbà. Mo ní kò burú, ilé ẹjọ́ ni yóò sọ ẹni tó jàre.

A dé ibẹ̀, adájọ́ kò jẹ́ kí n rojọ́ délẹ̀ tó fi ní ká lọ bá onílàjà ní yàrá ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan báyìí ni, kò wọ ẹ̀wù dúdú, kò sì jókòó sókè. Ó bi mí bóyá mo ń sùn dáadáa, bóyá oúnjẹ ń lọ lẹ́nu mi. Mo rò pé wọ́n ti ṣì wá mú lọ sí ilé ìwòsàn, mo bá ká apá aṣọ sókè de abẹ́rẹ́. Ó rọra ní kí n fà á wálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fi mí sí yàrá kan, ó fi àbúrò mi sí òmíràn, ó wá ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wa, ó ń ru ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, olófòófó là ń pè é, ìjọba sì ń sanwó oṣù fún eléyìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá bú àbúrò mi, kì í gbé èébú náà lọ. Mo sọ ti èéfín títí. Ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ ṣebí ààrò yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kí ló wá dé lọ́dún yìí?

N kò mọ ìgbà tí ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní aṣọ ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi ni. Èmi tí mo rán gbogbo aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ láti kékeré, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ títì ló gbé e fún. Ó dùn mí wọ eegun. Àmọ́ kí ni aṣọ kan ilẹ̀kùn?

Onílàjà lọ, ó bọ̀. Ó ní àbúrò mi ní òun ń rí bí mo ṣe ń wá ojú abẹ́rẹ́ kiri, òun kò fẹ́ kí n tún fi iṣẹ́ wẹ́wẹ́ pa ojú, òun kò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n. Ó ní ìró ẹ̀rọ mi lòun fi ń mọ̀ láàárọ̀ pé mo ti jí, àtìgbà tí mo ti kan pákó, ọkàn òun kì í balẹ̀.

Mo ní, ó dáa, ta ló wá jàre? Ó ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Irú ẹjọ́ wo nìyẹn? Bàtà tó ń há mi lẹ́sẹ̀ ni mo wọ̀ lọ síbẹ̀ kí n lè gba àre! A ṣáà fọwọ́ sí i pé kí pákó kúrò, kí àbúrò mi náà fa páìpù èéfín gba orí òrùlé. Fúnra rẹ̀ ló yọ ìṣó. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò dúpẹ́, mo tẹ ẹ̀rọ kó lè gbọ́.

Jọ̀wọ́, bá mi bi àwọn lọ́yà tó wà lọ́dọ̀ yín ẹni tó jàre. Olúwa kò ní jẹ́ kí pákó wọ àárín ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ. Kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ ra awò ojú. Má jẹ́ kí ìyá rẹ kékeré gbọ́ o, tó bá fi rí awò lójú mi, òun ló jàre nìyẹn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.