Màmá Tó Gbàdúrà fún Ooru: Ìgbésí Ayé Ọ̀mọ̀wé Olúfúnkẹ́ Adùnọlá Adéríbigbé (1962–2025)

Ọmọ bíbí ìlú Ṣakí ni Ọ̀mọ̀wé Olúfúnkẹ́ Adùnọlá Adéríbigbé, tí ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ pé jọ sí Brescia ní Italy lónìí láti ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1962 ni wọ́n wá sáyé, ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún tí Olóògbé Jòsáyà Ọláńrewájú àti aya wọn, Olóògbé Abísọ́lá, bí. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní oko màlúù tó wà lẹ́yìn ìlú; àwọn ló máa ń gún àwọn ẹran lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá wọn ń ṣe búrẹ́dì. Nínú ọmọ máràárùn-ún, Olúfúnkẹ́ nìkan ni kì í sá wọlé bí bàbá bá ní kí ẹnì kan wá bá òun di okùn màlúù mú.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ṣakí ni màmá ti kọ́ ìwé kíkà, wọ́n sì parí ilé-ìwé girama ní ọdún 1979. Nígbà tí wọ́n dé yunifásítì ní Ìbàdàn, tí wọ́n ní ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn làwọn fẹ́ kà, àwọn ẹbí kan ń béèrè pé kí ni obìnrin fẹ́ fi màlúù ṣe. Ní ọdún 1986, wọ́n gba oyè àkọ́kọ́. Wọ́n sin ilẹ̀ bàbá wọn fún ọdún kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n di olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

Ní ọdún 1993, wọ́n gbé màmá níyàwó fún Dúrójayé Adéríbigbé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jó irin pọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ọkọ wọn ló kọ́kọ́ dé Turin ní Italy. Ní ọdún 2000, màmá kó Ìtùnú àti Adésànmí tẹ̀ lé e, gbogbo ilé sì ń gbé ní àdúgbò Barriera di Milano ní Turin, níbi tí wọ́n ti bí àbíkẹ́yìn, Tíolúwaní. Iṣẹ́ badante ni màmá rí ṣe: wọ́n ń tọ́jú ìyá arúgbó kan, wọ́n ń wẹ̀ fún un, wọ́n ń se oúnjẹ rẹ̀. Wọn kò ráhùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ ra nǹkan ní ọjà Porta Palazzo, ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò níwájú àwọn tó ń ta wàràǹkàṣì. Irú màlúù wo ni wọ́n fún wàrà rẹ̀? Koríko kí ló jẹ? Ṣé ó ti pẹ́ tó ti kúrò lára ẹran? Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́jà náà bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, “Signora, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ pè mí lẹ́jọ́?”

Ìyá arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, tó rẹ́rìn-ín, tó sì ní kí wọ́n lọ béèrè ní yunifásítì. Màmá lọ. Wọ́n padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sọ fún ọkọ wọn pé oyè kejì wà nínú ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn àti wàrà, àwọn sì fẹ́ gbà á.

Ọkọ wọn ní, “Fúnkẹ́, o ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Bí o bá ṣe tán, ta ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́?”

“Ẹ jẹ́ kí n ṣe tán ná, Bàbá Ìtùnú.”

Ohun tí wọ́n ń béèrè kí ènìyàn tó lè gba irú oyè bẹ́ẹ̀ kò kéré. Wọ́n ní kí màmá mú ìwé ẹ̀rí Ìbàdàn wá, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí ọ́fíìsì aṣojú Italy ní Nàìjíríà sì jẹ́rìí sí i. Wọ́n ní kí wọ́n yege nínú ìdánwò èdè. Lẹ́yìn èyí ni kíláàsì, lábọ́, ọ̀pọ̀ oṣù stage, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́, ní oko ẹlòmíràn, àti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí wọn yóò dúró gbèjà níwájú ìgbìmọ̀. Wíwá ìwé nìkan gbà ju ọdún kan lọ. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2009, màmá wọ kíláàsì, wọ́n jókòó ní iwájú pátápátá, láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n lè bí.

Òkè tó fẹ́ dá wọn padà ni statistica, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ fi ń yẹ èsì ìwádìí wò. Wọ́n ṣe ìdánwò rẹ̀, wọ́n kùnà. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún kùnà. Láìborí rẹ̀, kò sí oyè. Ìtùnú ń lọ sí liceo scientifico, ilé-ìwé girama onísáyẹ́ǹsì, nígbà náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń gba ẹ̀yìn àga ìyá rẹ̀ kọjá nínú ilé ìdáná, ó bẹjú wo ìwé wọn, ó ní, “Mamma, questo è sbagliato,” pé èyí kò tọ̀nà.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?”

“Ẹ má bínú, mà.” Ọmọ náà kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. “Ma è sbagliato.”

Kò rọrùn fún ìyá tó ti jẹ́ olùkọ́ rí. Màmá sọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ara àwọn gbóná wìì, ó sì ṣe àwọn bíi pé kí àwọn lé e jáde. Wọ́n tún ìṣirò náà wò. Ọmọ náà kò parọ́. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí i. “Jókòó. Kọ́ mi.”

Láti ọjọ́ náà, tí ìwé bá ti wà lórí tábìlì, Ìtùnú ni olùkọ́. Tí wọ́n bá palẹ̀ ìwé mọ́, màmá á di ìyá padà, wọ́n á sì rán olùkọ́ wọn lọ fọ abọ́. Nígbà tí ìdánwò kẹta dé, màmá gba méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Títí di òní ni Ìtùnú ń sọ pé òun lòun ni máàkì náà. Ní ọdún 2012, màmá gba oyè kejì.

Ọdún náà ni iṣẹ́ dé fún ọkọ wọn ní ilé-iṣẹ́ irin kan ní Brescia, ìdílé sì kó lọ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ìwé ti parí. Màmá ti kọ̀wé sí yunifásítì ní Padua. Wọ́n gbà wọ́n fún dottorato, oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ láti Brescia. Ohun tí wọ́n béèrè níbẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́: kíláàsì mìíràn, sẹ́mínà níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwádìí tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe, àpilẹ̀kọ tí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ gbọ́dọ̀ gbà, àti àwọn ọ̀mọ̀wé láti ibòmíràn tí yóò ka gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí màmá gbèjà rẹ̀.

Ooru ni màmá yàn. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Brescia, tí oṣù keje bá dé, ooru máa ń mú àwọn màlúù tí wọ́n ń fún wàrà wọn débi pé wọn kì í lè jẹun. Wọ́n á máa mí gúlegúle, wàrà á sì dínkù. Màmá fẹ́ mọ̀ bóyá fáànù, omi tí wọ́n wọ́n sí ẹ̀yìn wọn, àti oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú wọn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, lè gba wàrà náà là. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chiara, tó ń tọ́ wọn sọ́nà, fara mọ́ ọn. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Matteo ní kí wọ́n wá lo àwọn màlúù òun. Wọ́n fi ọdún 2013 dánra wò. Ọdún 2014 ni iṣẹ́ gan-an.

Ọdún náà ni ooru kọ̀ tí kò wá. Láti oṣù kẹfà ni òjò ti ń rọ̀. Àwọn ènìyàn ń wọ súwẹ́tà ní oṣù keje. Àwọn màlúù Matteo dùbúlẹ̀, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, wàrà wọn ń ya bí omi. Ní ìpàdé àdúrà ọjọ́rú, màmá dìde pé kí ìjọ bá àwọn bẹ Olúwa kí ooru mú.

Pásítọ̀ ní, “Ìyáàfin, ṣé ooru ti ẹ̀mí ni, àbí ti oòrùn?”

“Ti oòrùn, sà. Èyí tí màlúù máa fi mí gúlegúle.”

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàdúrà náà. Òjò kò dá. Nígbà tí oṣù kẹjọ parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chiara fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún wọn pé, “Funke, senza caldo non c’è tesi.” Bí kò bá sí ooru, kò sí oyè. Ọdún kan gbáko ni wọn yóò tún dúró, kò sì sẹ́ni tó lè ṣèlérí pé ọdún tó ń bọ̀ kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Màmá dé ilé, wọ́n mú báàgì ńlá kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó ìwé sínú rẹ̀. Wọ́n ti so ó pa nígbà tí ọkọ wọn ti ibi iṣẹ́ dé. Bàbá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, màmá sọ ọ́ fún wọn.

“Mo ti fi ilé yìí ṣòfò tó, Bàbá Ìtùnú. Ó tó gẹ́ẹ́.”

Bàbá bọ́ bàtà iṣẹ́, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n tú báàgì náà, wọ́n sì ń to ìwé padà sórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà òdì ni wọ́n ń tò wọ́n. Màmá wò wọ́n títí, ìgbà tí wọn kò lè mú un mọ́ra mọ́, wọ́n wá jókòó tì wọ́n, wọ́n ń tún un tò bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n ń to èyí tó kẹ́yìn ni bàbá tó sọ̀rọ̀. “Ìwọ tí o dá mi lóhùn pé kí n jẹ́ kí o ṣe tán. Mo ṣì ń dúró.”

Ní oṣù keje ọdún 2015, ooru dé. Ó dé bí ẹni tó jẹ gbèsè. Gbogbo Italy ń kérora, àwọn arúgbó ń sá sínú ilé, màmá sì ń bọ́ sóko ní ọ̀sán gangan. Wọ́n á dúró ti màlúù kan, wọ́n á máa wo bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ tó ń rọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sí òmíràn. Bàbá tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ òru máa ń wà wọ́n débẹ̀, wọ́n á sì sùn sínú mọ́tò lábẹ́ igi. Matteo sọ pé nínú gbogbo ẹkùn Lombardy, signora yìí nìkan ni òun rí tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi máa parí, èsì ti hàn: àwọn màlúù tí wọ́n fún ní omi àti fáànù, tí wọ́n sì bọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò pàdánù wàrà tó àwọn yòókù rárá. Matteo kò yọ àwọn fáànù náà kúrò mọ́.

Ìgbà ìrúwé ọdún 2016 ni màmá dúró níwájú ìgbìmọ̀ ní Padua. Ìdílé jókòó sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò, bàbá àgbà kan tí kò rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣí ìwé wọn, ó bi wọ́n pé, “Ọdún tí òjò ba iṣẹ́ yín jẹ́, kí lẹ fi àwọn ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ ṣe?”

Tíolúwaní di apá àga rẹ̀ mú. Màmá kò kánjú. Wọ́n fi èdè Italy tó já gaara sọ fún un pé òjò kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Àwọn màlúù kan náà ni, ilé ẹran kan náà, oúnjẹ kan náà. Ọdún òtútù yẹn ló fi hàn wọ́n iye wàrà tí ẹran kọ̀ọ̀kan lè mú wá bí ara bá tù ú. “Bí òjò ọdún yẹn kò bá rọ̀, èmi ì bá mọ̀ pé ooru ń jalè, ṣùgbọ́n ǹ bá má mọ iye tó jí.”

Bàbá àgbà náà pa ìwé dé, ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìgbìmọ̀ padà wọlé, gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n kéde màmá ní dottoressa, ọ̀mọ̀wé. Ìtùnú fi adé ewé lé ìyá rẹ̀ lórí bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀. Bàbá Dúrójayé tí ẹnikẹ́ni kò rí omi lójú wọn rí, lọ dúró ti fèrèsé, wọ́n ní àwọn ń wo mọ́tò.

Iṣẹ́ tí bàbá bẹ̀rù pé kò ní sí, òun ló wá wọn wálé. Láti ọdún 2017, àwọn àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Brescia sọ màmá di olùdámọ̀ràn wọn. Tí ooru bá ti ń sún mọ́, fóònù wọn kì í dákẹ́. Nínú ìjọ, wọ́n jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ obìnrin, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ní ọjọ́ Sátidé, pálọ̀ wọn kún fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ gba oyè kejì tàbí ìkẹta. Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, màmá á ní, “Ṣé o ti ka ohun tí wọ́n béèrè tán?” Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì kà á. Wọ́n á jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti gboyè. Bàbá pàápàá kò ráyè sá: ní ọdún 2023, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí terza media, ti girama kékeré, màmá sì fi í há ògiri ní ẹ̀gbẹ́ ti ara wọn.

Àìsàn dé sí wọn lára ní ìparí ọdún 2024. Nígbà tí wọ́n wà ní ilé ìwòsàn, ọmọ wọn nínú ìjọ, Ọmọ́ládé, ti Padua wá tààrà ní ọjọ́ tó gbèjà oyè tirẹ̀. Kò tíì sọ pé òun yege tí màmá fi ní, “Kí ni wọ́n bi ọ́?” Ó ka gbogbo ìbéèrè, màmá gbọ́ gbogbo ìdáhùn, wọ́n ṣàtúnṣe ọ̀kan, wọ́n sì súre fún un. Wọ́n ní kí ó lọ jẹun kó tó wọ ọkọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀mọ̀wé Olúfúnkẹ́ Adùnọlá Adéríbigbé sùn nínú Olúwa.

Wọ́n fi ọkọ wọn sílẹ̀, Bàbá Dúrójayé Adéríbigbé. Àwọn ọmọ wọn, Ìtùnú, Adésànmí àti Tíolúwaní. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Olúwatómisìn àti Adébísí. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn ní Ṣakí. Àti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọn kò bí, tí wọ́n fi ìwé tọ́.

Ọmọ Ọláńrewájú, aya Adéríbigbé, Ọ̀mọ̀wé ilé wa: ohun gbogbo tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín láyé lẹ ṣe pé. Kí Olúwa gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ lọ sinmi.